Àìrìnjìnnà Ni Àìrí Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́: Ohun Tí Pílánẹ́ẹ̀tì Kẹsàn-án Ń Kọ́ Ọmọ Lìǹgúísíìkì

Mẹ́jọ ni àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí oòrùn po, bí a bá ka ilé ayé tiwa yìí mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2016 ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kan ti ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó ku ọ̀kan. Wọ́n ní ó wà lọ́nà jíjìn réré, lẹ́yìn gbogbo àwọn tí a mọ̀, nínú òkùnkùn tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé. Wọn kò tíì rí i. Kò sí àwòrán rẹ̀ kankan. Síbẹ̀, wọ́n ti ṣírò bí ó ṣe lè wúwo tó, ibi tí ó lè máa gbà kọjá, àti iye ọdún tí ó lè fi yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tilẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ: Planet Nine. Èmi yóò máa pè é ní Pílánẹ́ẹ̀tì Kẹsàn-án.

Nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè méjì ni mo gbọ́. Ẹnì kan ní, "Báwo lèèyàn ṣe ń wọn ohun tí kò rí?" Ẹlòmíràn ní, "Kí ló kan ọmọ Lìǹgúísíìkì nínú ọ̀rọ̀ ìràwọ̀?" Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún ìbéèrè méjèèjì: wíwọn ohun tí a kò rí ni iṣẹ́ tiwa náà. Bí wọ́n ṣe ń wá pílánẹ́ẹ̀tì yìí ni àwa náà ṣe ń wá èdè tí àwọn baba ńlá wa sọ kí ẹnikẹ́ni tó kọ Yorùbá sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Nínú wíwá irú ohun bẹ́ẹ̀, etí agbo ni ẹ̀rí máa ń wà, lọ́dọ̀ àwọn kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ mọ èyí, wọ́n sì ń ná owó àti ọdún lé e lórí. Àwa tí ẹ̀rí tiwa wà ní Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó, ní Okitipupa àti Igbókòdá, ń wò ó kí ó máa parẹ́ lójú wa.

Ewé mì, a mọ̀ pé atẹ́gùn ń fẹ́

Kò sí ẹni tó fi ojú rí atẹ́gùn rí. Ewé ni a ń wò tí a fi ń mọ ibi tí ó ti ń fẹ́ wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe rí Neptune. William Herschel ti rí Uranus lọ́dún 1781. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń tẹ̀lé Uranus lọ, wọ́n rí i pé kì í rìn bí ìṣirò òòfà ṣe ní kí ó rìn. Ó ń yà díẹ̀ kúrò lọ́nà. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Urbain Le Verrier, ní nǹkan kan ló ń fà á láti ẹ̀yìn. Ó jókòó ti ìṣirò, ó sì kọ lẹ́tà sí Johann Galle ní Berlin pé ibi báyìí ni kí ó wò ní ojú ọ̀run. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1846, Galle wo ibẹ̀. Neptune ló bá níbẹ̀, kò tó dígírì kan sí ibi tí Le Verrier tọ́ka sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Couch Adams náà ti ń ṣe irú ìṣirò yìí.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ì bá dùn. Ṣùgbọ́n Le Verrier yìí kan náà tún rí i pé Mercury, èyí tó sún mọ́ oòrùn jù lọ, ń yà díẹ̀ kúrò lọ́nà. Lọ́dún 1859, ó ní pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn ló fà á. Wọ́n pe ìyẹn ní Vulcan. Wọ́n wá Vulcan títí, àwọn kan tilẹ̀ búra pé àwọn ti rí i. Vulcan kò sí níbì kankan. Ọdún 1915 ni Albert Einstein tó fi hàn pé òye tí aráyé ní nípa òòfà ni kò tíì pé. Mercury kò ní ẹ̀bi kankan. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ọkùnrin kan náà, ọgbọ́n kan náà. Lẹ́ẹ̀kíní, ó tọ́ka sí ohun tó wà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tọ́ka sí ohun tí kò sí.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Percival Lowell ní pílánẹ́ẹ̀tì kan wà lẹ́yìn Neptune, ó sì kú láìrí i. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1930, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24 kan, Clyde Tombaugh, rí Pluto ní ibùdó ìwòràwọ̀ tí Lowell dá sílẹ̀. Inú gbogbo ayé dùn. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé Pluto kéré ju ohun tó lè fa Uranus tàbí Neptune kúrò lọ́nà. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfuurufú Voyager 2 kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Neptune lọ́dún 1989, tí wọ́n sì wá mọ bí Neptune ṣe wúwo tó gan-an, wọ́n tún ìṣirò ṣe. Kò sí ohun tó yà kúrò lọ́nà mọ́. Ìwọ̀n tí kò péye ni Lowell gbé ìṣirò tirẹ̀ lé. Lọ́dún 2006 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé yọ Pluto kúrò nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní "mo mọ ohun kan tí n kò rí" lè jàre, ó sì lè jẹ̀bi. Kí ló ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀? Ìbéèrè tó yẹ ká bi Pílánẹ́ẹ̀tì Kẹsàn-án nìyẹn.

Àwọn kékeré tó wà létí agbo

Lẹ́yìn Neptune, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta oníyìnyín ló ń yí oòrùn po. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbọ́ràn sí Neptune lẹ́nu, nítorí òun ni àgbà àdúgbò. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2003, wọ́n rí ọ̀kan tí wọ́n pè ní Sedna, tí kì í sún mọ́ Neptune rárá. Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mú àyè tó wà láàárín oòrùn àti ilé ayé, bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà, ká pè é ní ìṣísẹ̀ kan. Kí á wá gbé oòrùn sábẹ́ bíríìjì Ọ̀rẹ̀. Ilé ayé á wà ní ìṣísẹ̀ kan sí i. Neptune á wà ní ìṣísẹ̀ 30, ìyẹn ò tíì kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Sedna kì í sún mọ́ bíríìjì ju ìṣísẹ̀ 76 lọ, bí ó bá sì jìnnà tán, ó ń kọjá 900. Yóò tó bíi ọdún 11,000 kí ó tó yípo lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́dún 2014, Chad Trujillo àti Scott Sheppard ròyìn òmíràn tó jọ Sedna, wọ́n sì kíyè sí i pé ọ̀nà tí àwọn ará ẹ̀yìn odi yìí ń gbà jọra lọ́nà tó ṣàjèjì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, Konstantin Batygin àti Mike Brown, olùkọ́ méjì ní Caltech, gbé ìwé jáde lórí mẹ́fà nínú wọn. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló na ọ̀nà wọn gùn sí apá ibì kan náà, tí wọ́n sì dagun bákan náà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé kí èyí ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, ìgbà 7 péré ni nínú 100,000.

Ẹni tó bá mọ oríta Ọ̀rẹ̀ yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ ń lọ sí Benin, ọkọ̀ ń lọ sí Ṣàgámù, ọkọ̀ ń lọ sí Oǹdó, ọkọ̀ ń lọ sí Okitipupa. Bí o bá dúró níbẹ̀ tí o rí ọkọ̀ mẹ́fà tí wọn kò mọ ara wọn rí, tí gbogbo wọn dorí kọ ọ̀nà oko kan ṣoṣo, o ò ní sọ pé ó kàn ṣèèṣì ni. Wàá bèèrè ohun tó wà lọ́hùn-ún. Ohun tí Batygin àti Brown ní ó wà lọ́hùn-ún ni pílánẹ́ẹ̀tì kan tó wúwo tó bí ilé ayé mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n tún ìṣirò ṣe lọ́dún 2021, ó wálẹ̀ sí bíi mẹ́fà, wọ́n sì fi í sí nǹkan bí ìṣísẹ̀ 380 sí bíríìjì.

Bí ó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò rí i? Nítorí pé pílánẹ́ẹ̀tì kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní láti rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó padà wá bá wa; ó ń dín kù bó ṣe ń lọ, ó ń dín kù bó ṣe ń bọ̀. Bí a bá sún ohun kan sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tí a ó rí lára rẹ̀ yóò fi ìlọ́po 16 dín kù. Àbámọ̀ iná tọ́ọ̀ṣì nínú oko kòkó ni: ẹni tó bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán ni iná rẹ máa ń fi hàn ọ́.

Ṣé ọ̀nà wọn ló jọra, àbí ojú tiwa ló yà sápá kan?

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà. Lọ́dún 2017 àti 2021, àwọn ikọ̀ mìíràn tó ń wo ẹ̀yìn odi yìí sọ pé àwọn kò rí ìjọra náà nínú èyí tí àwọn fúnra wọn rí. Àríyànjiyàn wọn lágbára, ó sì yẹ kí ọmọ ẹ̀ka wa há a sórí. Wọ́n ní: ibi tí ẹ wò ni ẹ ti rí i. A kì í lè wo gbogbo ojú ọ̀run dọ́gba. Àwọn apá kan wà tí ìràwọ̀ ti kún bí eruku, tí kò rọrùn láti wá nǹkan kékeré níbẹ̀. Òjò ń ba àwọn oṣù kan jẹ́. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé àwọn òkúta náà fọ́n káàkiri dọ́gba, tó jẹ́ pé apá ibi tí ó rọ awò wa lọ́rùn nìkan la ti kó wọn jọ. Lọ́dún 2025, wọ́n tún kéde òkúta ńlá kan, 2017 OF201, tí ọ̀nà tirẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù mu.

Batygin àti Brown kò dákẹ́. Wọ́n gbé àwòrán ojú ọ̀run tí àwọn awò ńláńlá ti yà tẹ́lẹ̀ wò, wọ́n sì fúnra wọn sọ lọ́dún 2024 pé nínú gbogbo ibi tí àwọn ní pílánẹ́ẹ̀tì náà lè wà, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn ti wò tí kò sí níbẹ̀. Èyí tó kù, awò tuntun ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ibùdó Vera C. Rubin wà lórí òkè Cerro Pachón ní Chile. Dígí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 8.4, oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n fi àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ han aráyé, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sì fẹ́ fi máa ya ojú ọ̀run ìhà gúúsù léraléra. Bí ohun kan bá ń rá pálá nínú òkùnkùn yẹn, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Èrò tèmi rèé: n kò lè sọ pé Pílánẹ́ẹ̀tì Kẹsàn-án wà, n kò sì ní bá ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ́rìn-ín. Ohun tó mú kí n bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń wá a ni pé wọ́n sọ ibi tí a ó wò. Bí a bá wò ó tí a kò bá a, ọ̀rọ̀ wọn ti ṣubú nìyẹn, àwọn náà sì mọ̀. Ẹ fi wé ọ̀rọ̀ Nibiru tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé pílánẹ́ẹ̀tì kan ń bọ̀ wá kọ lu ilé ayé. Wọ́n ní ọdún 2003 ni, ó kọjá. Wọ́n ní ọdún 2012 ni; ìyẹn náà kọjá. Wọ́n kàn ń sún ọjọ́ síwájú ni. Ọ̀rọ̀ tí kò sí ohun tó lè bì í ṣubú kì í ṣe ìmọ̀, bó ti wù kó dùn létí tó.

Tiwa náà wà ńlẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ nípa ìtàn èdè ti gbọ́ orúkọ Ferdinand de Saussure. Nígbà tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn fáwẹ̀lì èdè àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù àti Íńdíà jáde ní òpin ọdún 1878, ọmọ ọdún 21 ni, ó kéré sí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn yìí. Ó kíyè sí i pé àwọn fáwẹ̀lì kan ń yí padà lọ́nà tí kò bójú mu. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn ìró kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rí, tí kò sí nínú èdè kankan tí a mọ̀ nígbà náà. Ìró tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí! Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Saussure kú lọ́dún 1913. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó rí ojútùú èdè Hítáìtì, tí a kọ sára wàláà amọ̀ tí wọ́n wú jáde ní ilẹ̀ Tọ́kì. Lọ́dún 1927, Jerzy Kuryłowicz fi hàn pé ní àwọn ibi tí Saussure ti ní ìró kan wà, Hítáìtì kọ ìró kan síbẹ̀. Neptune tiwa nìyẹn.

Kò tilẹ̀ di ìgbà tí a bá dé Tọ́kì. Ẹ sọ "ọmọ lọ" jáde lẹ́nu, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ohùn àárín ni "ọmọ" ní, àmọ́ ẹnu wa sọ "ọmọ́ lọ". Ta ló gbé ohùn òkè yẹn ka orí "ọmọ"? Ẹ sọ "ọmọ kò lọ" wàyí: ohùn òkè náà ti pòórá. Ohun kan wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí a kì í kọ, tí a kì í dá pè, tó jẹ́ pé ara aládùúgbò rẹ̀ nìkan la ti ń rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gírámà Yorùbá ti ń jiyàn lórí ohun tí ó jẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé kò sí.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ tó fi "u" bẹ̀rẹ̀. "Iṣu" là ń pè é, "ilé" là ń pè é. Ṣùgbọ́n ní Èkìtì, ní Oǹdó àti lọ́dọ̀ àwọn àgbà Odìgbó tí ẹnu wọn kò tíì yà kúrò nínú tiwọn, "uṣu" ni iṣu, "ulé" sì ni ilé. Ẹni tí kò kọ́ èdè yóò ní àwọn ará oko wọ̀nyí ló ba Yorùbá jẹ́. Ó dáa. Ẹ kọjá odò Ọya, ẹ lọ bá àwọn Ígálà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, kí ẹ bèèrè orúkọ iṣu. "Uchu" ni wọn yóò pè é. Ilé ńkọ́? "Unyi." Ọ̀nà Ígálà jìn sí Odìgbó, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì gbọ́ èdè ẹnì kejì rẹ̀. Àwọn méjì tó wà ní ìpẹ̀kun méjì dorí kọ apá ibì kan náà. Ohun tó rọrùn láti gbà ni pé "u" ló wà ńlẹ̀ látilẹ̀wá, àti pé àárín, níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti jáde, ló yí i padà. Irú ẹ̀rí báyìí ni Abíọ́dún Adétúgbọ̀ tọ̀ lọ nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá lọ́dún 1967, òun náà ni Fẹ́mi Akínkúgbé sì lò ní Ìbàdàn lọ́dún 1978 nígbà tó fi àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá wé Iṣẹ́kírì àti Ígálà.

Ẹ tún yà sí ọ̀dọ̀ àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, aládùúgbò wa. Níbi tí a ti ń sọ "owó", ẹ ó gbọ́ "eghó", pẹ̀lú ìró kan tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní mọ́. Bí àwọn ẹ̀ka-èdè etí wọ̀nyí kò bá sí, bí ó bá jẹ́ pé Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn nìkan la ní lọ́wọ́, kò sí ìṣirò tó lè fi ìró náà hàn wá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní oríta

Ìlú oríta ni Ọ̀rẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n nítorí ojú ọ̀nà, àwọn àgbà sì mọ̀ ọ́n nítorí ogun abẹ́lé: oṣù Kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé ibẹ̀, ìyẹn ló bí "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" tí à ń sọ títí dòní. Igi gẹdú, kòkó àti ọkọ̀ ló kó èèyàn wá síbẹ̀ láti ibi gbogbo. Ìgbò wà níbẹ̀, Ẹ̀dó wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Yorùbá láti Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ pọ̀ níbẹ̀ bí omi. Èdè tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ máa ń sọ ni èyí tí gbogbo èrò lè gbọ́: Yorùbá àjùmọ̀lò díẹ̀, pijin díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Bí ọjà ṣe rí nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Ọ̀rẹ̀, tí ìyá ìyá wọn ṣì wà ní Odìgbó tó ń sọ "uṣu", kò lè dá a lóhùn bó ṣe ń sọ ọ́ mọ́. Nínú kíláàsì kan tí mo wà rí, ẹ̀rín ni wọ́n fi máa ń gba ẹni tó bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ á sì ní kó "sọ Yorùbá gidi". Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣeé ṣe kí "uṣu" náà dàgbà ju "iṣu" tí olùkọ́ ń fẹ́ lọ.

Àwa olùwádìí náà ní tiwa. Ẹ rántí àríyànjiyàn àwọn tó ní "ibi tí ẹ wò ni ẹ ti rí i". Ibi tí ọ̀nà ti dára la ti ń gba dátà. Akẹ́kọ̀ọ́ á sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Ọ̀rẹ̀, á bi ẹni mẹ́ta lábẹ́ bíríìjì, á jẹ ìrẹsì, á wọ bọ́ọ̀sì padà, yóò sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá pé òun ti ṣe ìwádìí ẹ̀ka-èdè Odìgbó. Ẹni tó bi kò tilẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìlú náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àkòrí wa: Facebook, orin tàka-súfèé, ìpolówó ọjà nílùú Èkó. Wọ́n dára, n kò bú wọn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá ń wo apá kan ṣoṣo ní ojú ọ̀run, a ó parí rẹ̀ sí pé ibẹ̀ nìkan ni ìràwọ̀ wà.

Ẹnì kan lè sọ pé dátà yìí ti wà nínú ìwé àwọn àgbà, pé kí la tún ń wá? Ohun tó wà nínú ìwé kò pọ̀ tó. Òkúta mẹ́fà ni Batygin àti Brown fi bẹ̀rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi ṣì ń mì títí di òní. Ọ̀rọ̀ mélòó ní Odìgbó ló ṣì ní "u" níwájú? Èwo ni kò ní in? Ṣé ohun àjogúnbá ni gbogbo wọn, àbí àwọn kan yí padà nítorí àǹkóò fáwẹ̀lì tàbí nítorí aládùúgbò? Ọ̀rọ̀ ogún kò lè dáhùn ìyẹn. Ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ láti ẹnu ọgbọ̀n àgbà lè dáhùn rẹ̀, ó sì lè bì èmi náà ṣubú. Bó bá bì mí ṣubú, a ti mọ nǹkan nìyẹn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Sí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ó gba àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá lọ́dún tó ń bọ̀: bí ìlú yín bá wà létí, ẹ mú un. Ẹ má dúró sí oríta. Ẹ wọ inú Odìgbó lọ, ẹ wọ Àràròmí-Obù, ẹ wọ àwọn abà inú oko kòkó. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ti tó gba ohùn sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìlú, ọjọ́ orí àti ibi tí wọ́n bí ẹni tó sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Sí ẹ̀ka wa: kí ibì kan wà tí ohùn wọ̀nyí yóò máa wọlé sí. Lọ́wọ́lọ́wọ́, inú fóònù akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa ń wà; bí wọ́n bá jí fóònù, odidi ìlú ti lọ. Awò Rubin yóò máa ya ojú ọ̀run kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé fífi àwòrán àná wé tòní ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ṣí nípò. Àwa kò ní tàná tí a ó fi wé tòní.

Sí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ di olùkọ́ ní Ọ̀rẹ̀, Odìgbó, Okitipupa àti agbègbè wọn: ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá sọ "uṣu" ní kíláàsì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ẹ kọ́ ọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, nítorí ìdánwò ń bẹ níwájú rẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún un pé ohun tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà ti pẹ́ ju ìwé lọ. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín gbòòrò díẹ̀, owó ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ọgbà wa dé abà kan kì í pọ̀ ju owó ọtí àríyá kan lọ.

Àwọn tó ń wá Pílánẹ́ẹ̀tì Kẹsàn-án ní àkókò. Bí ó bá wà, ó ti ń yí oòrùn po láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló ń fi ṣe ìyípo kan ṣoṣo. Bí awò Rubin kò bá rí i, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè ṣe awò tó jù ú lọ, wọn yóò sì bá a níbi tó wà. Ẹ̀rí tiwa kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹni ọgọ́rin ọdún ló ń sọ ọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń dá a lóhùn pẹ̀lú èdè mìíràn. Ìsinmi ọdún ń bọ̀. Bí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ yà lọ́dọ̀ wọn.